Ohùn Kan Lókè Adágún Great Slave

Agogo 6:30 àárọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Yellowknife, létí adágún Great Slave, ní àríwá Kánádà. Oṣù kejì ọdún ni. Òtútù ti fi ìwọ̀n 28 lọ sísàlẹ̀ òdo. Bàálù Cessna kan dúró níta, wọ́n fi kúbùsù nípọn bo imú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sábẹ́ kúbùsù náà. Bí wọ́n bá ṣíná sí ẹ́ńjìnnì tó tutù báyìí, ó lè bàjẹ́.

Agogo 7:45. Èèyàn mẹ́rin yí máàpù ká. Ìwé tó wà níwájú wọn kò gùn: bàálù kékeré kan, èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, kò dé ibi tó ń lọ. Atọ́nà fi pẹ́ńsù fa ìlà gbọọrọ sórí máàpù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Orí ìlà wọ̀nyẹn ni wọn yóò máa fò, lálọ lábọ̀.

Agogo 9:05. Ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n gbéra.

Agogo 9:40. Wọ́n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sókè ilẹ̀. Ẹnì kan ń wo ọ̀tún, ẹnì kan ń wo òsì. Ojú wọn kì í sáré. Á dúró, á wò, á sún díẹ̀, á tún dúró. Èémí ń di yìnyín lára fèrèsé. Ẹni tó wà lósì ń fi èékánná ha á. Igi dúdú, ilẹ̀ funfun, òjìji.

Agogo 10:10. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún kígbe. Ohun kan ń dán láàárín igi. Bàálù yí padà. Òkúta ni, yìnyín ló bò ó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Agogo 10:50. Ohùn tín-ín-rín kan wọ etí wọn láti inú rédíò. Ó ń já wálẹ̀, ó ń já wálẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yípo. Nígbà tí ìyẹ́ bàálù bọ́ sáàárín eríàlì àti ibi tí ohùn ti ń wá, ohùn náà pa. Atọ́nà fa ìlà kan.

Agogo 11:15. Ìlà kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Atọ́nà dín ohùn rédíò kù, kí etí lè mọ̀ bí wọ́n bá ń sún mọ́ ọn.

Agogo 11:32. Àwọ̀ ọsàn kan hàn nísàlẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 500. Aṣọ ni, wọ́n tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Atọ́nà ka ibi tí wọ́n wà sínú rédíò, lẹ́ẹ̀mejì.

Agogo 11:40. Èèyàn méjì jáde láti abẹ́ igi. Ọ̀kan ká aṣọ náà. Èkejì tẹ bọ́tìnnì lára àpótí. Ohùn náà pa.

Kò sí bàálù tó já. Ìdánrawò ni. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ CASARA, ẹgbẹ́ tó ń fi bàálù wá àwọn tó sọnù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ń ṣe káàkiri Kánádà. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí bàálù já lóòótọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1972, bàálù kan tó ń gbé aláìsàn méjì bọ̀ ní Yellowknife láti Cambridge Bay já nítòsí adágún Hottah. David Kootook, ọmọ ọdún 14, wà lára wọn. Ó yè é nígbà tí bàálù já. Ó ń wá igi ìdáná. Wọ́n wá wọn títí, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 31 kọjá kí wọ́n tó rí wọn. Awakọ̀ bàálù náà nìkan ló ṣẹ́ kù láàyè. David ti kú ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Lẹ́yìn jàǹbá yẹn ni Kánádà sọ ọ́ di òfin pé kí bàálù máa gbé ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́, bí àpótí kékeré tó wà lórí yìnyín yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gba ẹnikẹ́ni là bí kò bá sí etí tó mọ ohùn rẹ̀ àti ojú tó mọ ilẹ̀ wò. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọnù ni a ń kọ́ ọ.