Kí Ni Ká Máa Pe Jet Lag?

Bí wọ́n bá ní ká pe jet lag ní Yorùbá, àárẹ̀ ìrìnàjò ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó fún nǹkan bíi wákàtí 6, kó rẹ̀ ẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ aago ìlú méjèèjì kì í ju wákàtí 1 lọ. Bó bá sùn mọ́jú, ó ti bọ̀ sípò. Ti oníṣòwò tó lọ rajà ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, yàtọ̀. Wákàtí 7 ni Guangzhou fi ṣíwájú Èkó. Nígbà tó bá di ìyálẹ̀ta níbẹ̀, ní aago 9, òru ọ̀gànjọ́ ṣì ni lára àlejò náà: aago 2.

Aago ara ló yẹ kí orúkọ náà tọ́ka sí. Inú ọpọlọ ló wà, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń darí rẹ̀. Ìwádìí lórí jíìnì tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hall, Rosbash àti Young fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017.

Ìfàsẹ́yìn aago ńkọ́? Ẹni tó lọ sí ìlà-oòrùn nìkan nìyẹn bá mu. Ẹni tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bíi Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aago ara tirẹ̀ ló ṣíwájú ti ìlú: oorun á máa kùn ún ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á là ní ìdájí. Ìyapa aago ara ni mo fara mọ́, torí ó kó ìhà méjèèjì pọ̀. Ẹkùn àkókò, fún time zone, yóò sì bá a rìn, bí a ti ń sọ pé ẹkùn ìdìbò.

Mẹlatónínì tí àwọn arìnrìnàjò kan ń lò fún un ńkọ́? Bí a bá pè é ní oògùn oorun, a ó ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ara ló ń ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, láti kéde pé alẹ́ ti lẹ́. Họ́mọ̀nù alẹ́ ló yẹ ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè mọ̀ pé àsìkò tí òun lò ó ṣe kókó.

Orúkọ la fi ń wá ìwòsàn. Àárẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi. Ìyapa aago ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lásìkò tó yẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Guangzhou, kí èrò Èkó lo awò dúdú láàárọ̀, kó sì jáde sí oòrùn lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Ní Houston, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni kó wá. Èdè wa ti fi oòrùn pín ọjọ́ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni aago ara ń ṣe. Kí àwọn nọ́ọ̀sì àti oníròyìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn orúkọ wọ̀nyí, kí ìyá tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Houston má baà ka àìsùn ìdájí sí àìsàn.