Táyà Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ Funfun Bàbá Àgbà

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Awẹ́. Bí ẹ bá wọlé, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ṣáájú kàlẹ́ńdà ìjọ àti aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá àgbà ló jókòó sínú Ìjàpá rẹ̀, ìyẹn Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rógódó, ó yọ ìgbọ̀nwọ́ síta lójú fèrèsé, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ni. Agbádá Bàbá ti di àwọ̀ eérú, ara ọkọ̀ ti di àwọ̀ eérú, àmọ́ ohun kan ṣì funfun níbẹ̀ bí òwú: ẹ̀gbẹ́ táyà.

Ìjàpá yẹn ṣì wà o. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ló wà láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Nígbà tí ìrántí ogún ọdún rẹ̀ ń bọ̀, àwa ọmọ-ọmọ pinnu pé a máa tún un ṣe, pé òun la máa fi gbé Màmá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bíi ti inú fọ́tò gẹ́lẹ́. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa ná: ta ló tiẹ̀ ní kí táyà dúdú? Oje igi rọ́bà funfun bíi wàrà. Táyà ayé àtijọ́ kò dúdú rárá, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni. Ẹ ti rí ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Michelin fi ń polówó ọjà, àbí? Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Táyà ni wọ́n tò léra tó fi di ènìyàn. Ìdí tí ara rẹ̀ fi funfun ni pé bí táyà ìgbà náà ṣe rí nìyẹn.

Ní ọdún 1904, ní Silvertown nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ S. C. Mote rí i pé bí èèyàn bá po lúbúlúbú dúdú mọ́ rọ́bà, irú dúdú tí èéfín ń fi sí ìdí ìkòkò, rọ́bà náà á le, kò sì ní tètè jẹ. Dúdú yìí tún ń gba oòrùn dúró kó má baà sán rọ́bà. Àwọn aṣe-táyà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ nǹkan olówó ni lákọ̀ọ́kọ́, torí náà apá tó ń kan ilẹ̀ nìkan ni àwọn kan ń pò ó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ wá kù ní funfun. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ìṣọ́wóná ló bí táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun! Olówó ló ń ra èyí tó dúdú látòkèdélẹ̀. Nígbà tí gbogbo táyà wá dúdú tán, funfun di ti olówó. Ní 1934, ilé-iṣẹ́ Ford ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ fowó lé owó ọkọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí ọkọ̀ ńlá láìsí funfun fífẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí di nǹkan bí 1962 tí ó fi sún kì di ìlà tín-ín-rín.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Rọ́bà ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ló gba Èkó lọ sókè òkun, láti ara igi inú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n kọ igi lára kọjá ààlà, ọ̀pọ̀ sì kú sórí ìdúró. Ọ̀nà ńkọ́? Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ọ̀yọ́. Ní 1906 ni ìjọba la títì láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà Fìdítì àti Ìlọrà yìí náà, níbi tí ẹ ti ń ra ọsàn lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Awẹ́ kò sí lójú títì yẹn, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìwó ni tiwa, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Afijió ti ń rí mọ́tò kó tó di pé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá rí i.

Ó ku fọ́tò. Kò sí déètì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá jókòó sí, sítíàrìn ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún títí dòní. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí náà ó dájú pé wọ́n ti ra Ìjàpá yìí ṣáájú ìgbà náà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó, torí 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti Jámánì ló ti wá. Gbogbo ilé wa sì gbà pé láti Jámánì náà ni táyà funfun ti bá a wá. Àwọn bàbá wa máa ń fi yangàn: "Táyà bàbá wa, òyìnbó ló fi funfun sí i!"

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ra ọ̀dà ilé, èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, a fi kun ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dùn ún wò fún ọjọ́ méjì. Òjò kan rọ̀, ó ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. A ra ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Ìyẹn gbẹ kankan, àmọ́ bí a ṣe ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn nínú ọgbà lásán, ó sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Táyà máa ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Ọ̀dà ilẹ̀kùn kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ibi tó sì kù tí kò sán, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òróró tó wà nínú rọ́bà dúdú ló ń jáde bọ́ sínú ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kì í fi í kun táyà lọ́dà. Rọ́bà funfun ni wọ́n ń tẹ́ sínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà mìíràn dínà fún òróró yẹn, wọ́n á fi dúdú fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ha dúdú náà kúrò.

Ibi tí a ti ń jiyàn lórí èyí ni Màmá àgbà ti jáde sí wa. Ó wo táyà, ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà ń kùn ún? Bí bàbá yín ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kun bàtà kánfáàsì ni Bàbá ń pò sínú agolo! Bí ìnáwó bá wà, yóò jí kùn ún láàárọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ayàwòrán wá láti Ọ̀yọ́ ló kun èyí tó wà nínú fọ́tò. Màmá ní táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun gidi wà ní Ìbàdàn nígbà náà, Bàbá tiẹ̀ lọ béèrè iye rẹ̀. "Ọdún yẹn náà ni bàbá yín àgbà ọkùnrin wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní táyà kì í kàwé."

Bàbá wa àgbà ọkùnrin, tó ti ń fi táyà Jámánì yangàn láti ogójì ọdún, kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ sínú ilé. A kò mọ̀ bóyá inú ló bí i ni o.

Ẹni tó tún ojú wa là ni fọkanáísà tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́. A yí táyà lọ bá a pé kó bá wa fún un ní gáàsì. Ó fi àkísà nu ọ̀dà wa kúrò níbì kan, ó ní ká wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níbẹ̀: 2309. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2009. Lábẹ́ ọ̀dà, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ti là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, àtíkè lẹ fi ń kun òkú lójú. Ẹ sì fẹ́ gbé ìyá àgbà sínú ẹ̀?"

Ara wa bù máṣọ. Ọ̀dà tí a rò pé a fi ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ló bo ohun tó yẹ kí ojú rí. Kí ẹ sì wò ó, tòkúnbọ̀ ni wọ́n ta fún wa ní ọjọ́sí, tí wọ́n fi nǹkan kan pa lára dán yinrinyinrin. Ìgbà kan wà tí Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt tí Dunlop sì ń ṣe é ní Ìkẹjà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Michelin ti ilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop dá iṣẹ́ dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, ohun tí ọkọ̀ òkun bá gbé wá la ń lò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti rin títì àwọn ẹlòmíràn gbó.

Ọ̀kan nínú wa ti yá ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń ha irin, ó fẹ́ ha táyà títí funfun á fi yọ. Fọkanáísà gbé òkú táyà kan jáde, ó gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ hàn wá: rọ́bà tín-ín-rín, òwú lábẹ́ rẹ̀. Kò sí funfun kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ha irú èyí, òwú ló máa hà kàn, táyà náà sì lè bẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun lè fi òrùka rọ́bà funfun ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń ki sáàárín rímù àti táyà. Fọkanáísà mọ̀ ọ́n. Ó ní bí ọkọ̀ bá sáré, òrùka náà á máa gbá pẹ́pẹ́, á máa ha táyà lára. A fi í sílẹ̀.

A dáwó jọ, a ra táyà tuntun mẹ́rin ní Ìbàdàn, 165R15. A wá ṣe é bó ṣe yẹ. A fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a fi tínà díẹ̀ nu òróró ilé-iṣẹ́ kúrò, a fi sáńpépà wẹ́wẹ́ rà á lójú díẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. A ki ègé páálí sáàárín rímù àti rọ́bà yí ká. Ọ̀dà tó wà fún rọ́bà, tó ń tẹ̀ bí táyà bá tẹ̀, la rà. Ọgbọ́n tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé a fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ẹnì kan ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ẹnì kejì di búrọ́ọ̀ṣì mú láìmì. Ìlà náà yípo rẹ́gírẹ́gí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ.

Lọ́jọ́ ìrántí, Màmá àgbà kò kọ́kọ́ wọnú ọkọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ táyà, ó wo ìka rẹ̀ bóyá ẹfun wà níbẹ̀. Kò sí.

"Tiyín ti fẹ̀ jù," ó ní. "Tirẹ̀ kò tó báyìí."

A wọn ti inú fọ́tò nígbà tí a délé. Òótọ́ ló sọ. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ pupa Awẹ́ sì kun gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá Bàbá wa àgbà ọkùnrin níbi táyà, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn, ó ti fọ méjì.