Ta Ni Yóò Pọn Àbúrò? Ìtọ́jú Ọmọ ní Birnin Zazzau
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Láyé àtijọ́ nínú odi Birnin Zazzau, ọ̀pọ̀ eléhàá a máa se oúnjẹ títà nínú ilé. Àwọn ọmọ ni í kiri rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ni í sì í pọn àbúrò. Ní 1976, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pe àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí sí ilé ìwé. Ta ni yóò wá pọn àbúrò? Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 fi jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ fún aládàáni. Òfin 2004 ni ó ka ìtọ́jú ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń ka akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ka àbúrò ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.