Àwọ̀ Tí Kò Jáde: Ìtàn Eruku Asbestos àti Àyẹ̀wò Tó Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Asbestos ṣì wà lórí òrùlé tàbí ní síìlìn ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ wa. Tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, òòlù la fi ń fọ́ ọ, eruku á sì gba gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn eruku yẹn fún yín.

Ní ọdún 1960, Dókítà Chris Wagner àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa ènìyàn 33 tí jẹjẹrẹ mú ní awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Mesothelioma ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé níbi tí wọ́n ti ń wa asbestos. Àwọn kan ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, wọ́n kàn gbé nítòsí ni. Eruku tí èèyàn fà símú lónìí lè tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún kó tó fa àìsàn.

Ìṣòro ni pé ó máa ń fara jọ àìsàn mìíràn. Omi kó sí àyà, awọ ibẹ̀ nípọn. Tí wọ́n bá gé ẹran ara díẹ̀ wò, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àti sẹ́ẹ̀lì tí ara kàn ń bínú lè jọra bí ìbejì.

Ọmọ ogun ara, ìyẹn antibody, ló wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kan pàtó, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe mọ àgádágodo rẹ̀. Ní 1975, Köhler àti Milstein rí ọ̀nà láti máa ṣe irú kan ṣoṣo rẹ̀ ní láàbù ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984.

Ní 1998 ni wọ́n kéde ẹ́ńsáìmù kan, BAP1. Ẹ rántí àmì X pupa tí ìjọba ń kọ sára ilé. Sẹ́ẹ̀lì náà máa ń lẹ irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́ nǹkan inú rẹ̀. BAP1 wà lára àwọn tó ń pa àmì náà rẹ́. Ní 2011, àwọn olùwádìí rí ìdílé méjì ní Amẹ́ríkà tí mesothelioma ń pa léraléra: wọ́n jogún BAP1 tó bàjẹ́.

Ní nǹkan bí 2015, láàbù bẹ̀rẹ̀ sí í fi antibody wá BAP1 nínú ẹran ara. Tó bá wà, kóró àárín sẹ́ẹ̀lì á di búráùn. Nínú ọ̀pọ̀ mesothelioma, àwọ̀ náà kò ní jáde, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di búráùn. Àìsí rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n tí àwọ̀ bá jáde, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ kò sí.

Tí àwọ̀ búráùn kò bá jáde lára sẹ́ẹ̀lì kankan, àyẹ̀wò náà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹran ara tó pẹ́ kó tó wọ fọ́málìn lè fa èyí. Nítorí náà:

1. Tí wọ́n bá gé ẹran ara èèyàn yín fún àyẹ̀wò, ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú fọ́málìn. Ẹ má fi omi lásán rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e lọ, ẹ gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà.
2. Ẹ sọ iṣẹ́ àtijọ́ yín fún dókítà: káfíńtà, ilé kíkọ́, ilé wíwó.
3. Ẹ má fọ́ asbestos, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Ẹ ka èyí sétí àwọn tí kò lè kàwé nínú ẹgbẹ́ yín. Àlàáfíà wa kò ní yingin o.