Ellen Swallow Richards àti Ìdásílẹ̀ Ẹ̀kọ́ nípa Omi ní Massachusetts

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú oníṣẹ́ ìhunṣọ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, a máa da ẹ̀gbin sínú odò Merrimack, odò kan náà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń mu, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ń ti inú omi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn. Inú ìṣòro yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ni Ellen Swallow Richards ti fìdí múlẹ̀. Òun, tí a bí ní 1842, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1873. Láti 1876 ni ó ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní kẹ́mísírì nínú yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, láìgba owó oṣù.

Ní 1887, Ìgbìmọ̀ Ìlera ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò gbogbo omi mímu lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Drown, ṣùgbọ́n ọwọ́ Richards ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bọ́ sí. Iyọ̀ ni ó fún iṣẹ́ náà ní kọ́kọ́rọ́. Kiloríìnì, ọ̀kan nínú èròjà méjì tí ó para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀, a máa wà nínú omi tí kò bàjẹ́ pàápàá, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun ń gbé e wọ ilẹ̀, ó sì ń dín kù bí a bá ti ń jìnnà sí etíkun. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ àti omi ìdọ̀tí ilé náà ní in, kiloríìnì kì í sì í jẹrà nínú ilẹ̀ bí ẹ̀gbin yòókù. Wọ́n wọn iye rẹ̀ nínú omi tí ó jìnnà sí ibùgbé ènìyàn, wọ́n fi ìlà so àwọn ibi tí iye náà ti dọ́gba lórí àwòrán ilẹ̀, débi pé kànga tí tirẹ̀ bá ju ti agbègbè rẹ̀ lọ ti fi ara rẹ̀ hàn bí èyí tí ẹ̀gbin ti dé, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara lójú. Ohun èlò ìkọ́ni tí ó dára ni àwòrán yìí, nítorí ó sọ ohun tí ojú kò rí di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka tọ́.

Láti 1884 ni Richards ti ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ìmọ́tótó, ìyẹn àyẹ̀wò omi, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ nítorí ìlera. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Alpheus Woodman, sì kọ ìwé lé ẹ̀kọ́ náà lórí ní 1900. Ipò olùkọ́ tí a fún un ní 1884 náà ni ó wà títí ó fi kú ní 1911. MIT kò fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rí.