Ọdún Tí Mo Fi Sẹ́ Omi

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké pè. Lọ́dún 1989 tí wọ́n gbé mi wá sí agbègbè Òjòkú, lẹ́bàá Ọ̀fà, èmi agùnbánirọ̀ inú kákí kò mọ olúgànbe, n kò sì mọ sòbìà.

Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló dá ètò wa sílẹ̀ ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ ìhín lè mọ ìlú ọ̀hún. Èmi, aṣọ ni wọ́n ní kí n máa pín. Aṣọ lásán, ẹ̀yin èèyàn mi! Kòkòrò tínńtín inú omi adágún ló ń gbé ọmọ sòbìà. Ẹni tó bá mu ún, bí ọdún kan bá ń yí po, aràn gígùn á gba ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún un. Ká sáà sẹ́ omi ká tó mu ún.

Ìyá àgbà kan ní, "Ọmọ mi, ṣé omi ti di ògì ni?" Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iṣu tó wà, ẹsẹ̀ ìyá wú, kò lè dé oko. "Kọ́pà, mú aṣọ ọ̀hún wá." Mo gbé e lọ, ṣùgbọ́n omi èṣí ló ń jà á. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún wọn.

Nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n kà ní Nàìjíríà ju 600,000 lọ. Gowon fúnra rẹ̀ padà wá ń bá wa polongo láti abúlé dé abúlé. Ní 2008, ní ìpínlẹ̀ Enugu, a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i.

Ìyá ti lọ. Ọmọ wọn ṣì ń fi aṣọ náà sẹ́ ògì.