Àtúnṣe àti Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Adín-Èéfín-Kù Lára Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìpínlẹ̀ California

Ìfáàrà

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ojú tí ọmọ ènìyàn fi ń wo nǹkan ń yí padà. Ohun tí baba dà sí ààtàn lè di ohun tí ọmọ ń fi owó ńlá wá kiri. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí lórí àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láti dín èéfín rẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kà wọ́n sí ẹrù tí ìjọba dì ru ọkọ̀, wọ́n sì tú wọn dànù. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ àárín àwọn ọdún 1970 padà sí ipò tó wà ní láti wá àwọn ẹ̀yà kan náà rí. Iṣẹ́ yìí ṣàgbéyẹ̀wò bí ìyípadà náà ṣe wáyé ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí òfin èéfín ọkọ̀ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà yìí kì í ṣe àbùlẹ̀ lára ọkọ̀ ìgbà náà, ara ìtàn rẹ̀ gan-an ni wọ́n jẹ́.

Ohun tó bí òfin èéfín ọkọ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìkúùkù èéfín kan bo ìlú Los Angeles. Ó ń ta àwọn ará ìlú lójú, ó sì ń há wọn lọ́fun, débi pé àwọn kan rò pé àwọn ọmọ ogun Japan ló fi èéfín olóró kọlù wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe èròjà rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tì í pa, ìkúùkù náà kò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech, tú àdììtú náà. Ó fi hàn pé nígbà tí oòrùn bá ràn sórí oru epo tí kò jóná tán àti gáàsì náítírójìn ọ́sáídì ni irú ìkúùkù bẹ́ẹ̀ máa ń gbára jọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ń tú méjèèjì jáde. Ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó di ti gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Ìjẹyọ àwọn ẹ̀yà náà

Ní ọdún 1961, California pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun ní fáàfù tí yóò dá oru tó ń jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìn padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jóná. Nígbà tó di orí ọkọ̀ ọdún 1966, ìpínlẹ̀ náà fi òdiwọ̀n lé èéfín tó ń gba ẹnu sálẹ́ńsà jáde. Ilé iṣẹ́ General Motors fi pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ dáhùn: bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ojú ọ̀nà èéfín kí epo tó ṣẹ́kù lè jó tán. Ní ọdún 1967 ni wọ́n fi òfin dá Ìgbìmọ̀ Amójútó Afẹ́fẹ́ ti California sílẹ̀, Haagen-Smit sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Agolo èédú tó ń gba oru epo inú táńkì dúró tẹ̀ lé e lára ọkọ̀ ọdún 1970. Nígbà tó di ọdún 1973, fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín ooru ibi tí epo ti ń jó kù, nítorí ooru àpọ̀jù ló ń bí náítírójìn ọ́sáídì.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1970, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Èyí ló mú kí kátálísítì, ìyẹn àgbá irin tí wọ́n fi pìlátínọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ọdún 1975. Òjé inú epo pẹtiróòlù ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà, epo tí kò ní òjé di dandan fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi tú wọn dànù

Ẹ̀sùn tí àwọn awakọ̀ fi kan àwọn ẹ̀yà yìí ni pé wọ́n gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ Chevrolet Corvette jẹ́ àpẹẹrẹ tó yè kooro. Agbára ẹṣin 300 ni wọ́n kọ fún èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré jù ní ọdún 1970; ní ọdún 1975, ó ti di 165. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ló wà láàárín. Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ náà dín bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù, kí ó lè lo epo tí òjé rẹ̀ kéré. Agbára di 270. Ní ọdún 1972, wọ́n yí òdiwọ̀n padà, wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ń gbé nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sì di 200. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe kátálísítì ló fa gbogbo àdánù náà. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí yẹ̀yẹ́ ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló ṣe é tún ṣe. Fáàfù oru ẹ́ńjìnnì kò wọ́n: bí wọ́n bá mì í tí kò dún, ó ti dì, ìpààrọ̀ ló tọ́ sí i. Ti fáàfù tó ń dá èéfín padà yàtọ̀. Èédú iná ló sábà máa ń dí i, wọ́n sì lè ha á kúrò. Bí mẹkáníìkì bá fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó máa gbọ̀n tàbí kí ó kú. Bí awọ inú rẹ̀ bá ti ya, kò ní lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ ṣe é tú palẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ béárìn rẹ̀. Ẹni tó ń wá òtítọ́ ìtàn a sì máa wo nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ó lè bá ọdún ọkọ̀ mu.

Kátálísítì ló le jù. Wóró wóró ni èròjà inú ti General Motors àkọ́kọ́, wọ́n sì lè dà á jáde kí wọ́n rọ tuntun sí i. Ṣùgbọ́n wóró tí òjé bá ti bò kò ṣe é fọ̀ mọ́.

Ipò òfin

Àyẹ̀wò èéfín tó wà ní California lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 fìdí ààlà kan múlẹ̀: ọkọ̀ ọdún 1975 àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò, ti ọdún 1976 kò bọ́. Síbẹ̀, bíbọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò kì í ṣe àṣẹ láti tú ẹ̀yà dànù. Kátálísítì tuntun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ Ìgbìmọ̀ Amójútó Afẹ́fẹ́. Bí ẹ̀yà kan kò bá sí lọ́jà mọ́, ẹni tó ni ọkọ̀ lè tọ àwọn onídàájọ́ àyẹ̀wò lọ fún ìwé ìyọ̀ǹda lórí ẹ̀yà náà nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìdí méjì ló wà tí ẹ̀yà adín-èéfín-kù fi yẹ kí ó padà sára ọkọ̀ àtijọ́. Èkíní ni afẹ́fẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ń mí sínú, tí ọjọ́ orí ọkọ̀ kò yí padà. Èkejì ni òtítọ́ ìtàn. Ọkọ̀ Corvette ọdún 1975 tí kò ní kátálísítì kò jọ ọkọ̀ kankan tó jáde ní ọdún náà, ó kàn jọ ohun tí àwọn kan ìbá fẹ́ kí ọdún náà jẹ́ ni. Ẹni tó bá tún un ṣe pé pérépéré ti pa ẹ̀rí mọ́ pé àwọn ènìyàn ìgbà náà rí ìpalára tí ọwọ́ wọn fà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtúnṣe sí i.